Kámẹ́rà Tó Lé Ẹ̀rín Ìyá Mi Bá

Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé ní Ìlàrè níbí, ẹ gbọ́ o, fótò kì í ṣe nǹkan eré. Ẹ̀yin, ẹ ra búrẹ́dì, ẹ ya búrẹ́dì ní fótò. Ẹ wọ bàtà, ẹ ya bàtà. Láyé ìgbà yẹn, bóyá ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Wọ́n á wẹ̀ fún ọ, wọ́n á fi pòmáàdì kùn ọ́ lójú títí á fi máa dán, wọ́n á wá mú ọ lọ bá onífótò ní Òkèrèwè. Onífótò á ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, á pariwo láti ibẹ̀: "Ẹ má mí o! Ẹ má ṣẹ́jú!" Ta ló jẹ́ mí èémí?

Jókòó, Bùsọ́lá. O ní o fẹ́ ra kámẹ́rà àkọ́kọ́ rẹ, irú ńlá ti àwọn onífótò, tí ẹ ń pè ní DSLR, o wá ń bi mí pé èwo ni kí o rà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lo bi. Nínú gbogbo àwa obìnrin tí a jọ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, èmi nìkan ni mo gbé irú ẹ̀ kọ́rùn. Èmi fúnra mi ni mo yàn án. Mi ò sì ṣì í yàn!

Ìyá mi ló fà á. Ẹ̀yin ò bá a láyé. Fótò kan ṣoṣo ló ní, èyí tí wọ́n yà fún un nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Onífótò ní kó má mí. Ó gbọ́ràn jù! Ó di èémí mú títí ojú fi là kalẹ̀ bíi ti òwìwí, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú. Látìgbà yẹn, kó ṣáà ti rí kámẹ́rà, àní kó jẹ́ ti àlejò tó ń kọjá ní Ẹnuwá, èémí á dúró. Tí kámẹ́rà bá lọ tán, á tú u jáde, fùùù... á wá máa fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn, ẹ̀yin ọmọ! Èjí iwájú á yọ, ojú á dì pátápátá, gbogbo ilé á gbọ́. Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó ẹ̀rín náà. Kò sì sí nínú fótò kankan.

Nígbà tó wá di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ó pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Àdùkẹ́, bí mo bá kú, ẹ ò gbọdọ̀ fi fótò olójú òwìwí yẹn sìnkú mi. Àwọn èèyàn á ní ẹ̀rù ikú ló bà mí." Ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní, "Ẹ ò ní í kú báyìí, Ìyá." Ó ní, "Mo gbọ́. Ṣáà wá fótò mìíràn."

Kámẹ́rà pẹlẹbẹ kan wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, tí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Ó dára fún òdòdó. Òdòdó kì í sá. Ṣùgbọ́n Ìyá! Bó bá ti ń tú èémí ni mò ń tẹ bọ́tìnì. Kámẹ́rà á kọ́kọ́ ronú... á tún ronú... kó tó dún, ẹ̀rín ti lọ, Ìyá ti kọjú sí ẹ̀gúsí tó ń bó. Fótò ìpàkọ́ kún ọwọ́ mi.

Ni mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkámẹ́rà kan. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀, ẹlẹ́nu dídùn ni, ọ̀rọ̀ mẹ́gápísẹ́lì, ìyẹn bí fótò ṣe lè tóbi tó, kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀. "Màmá, èyí ní púpọ̀. Màmá, èyí ló ní jù." Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta, kí ẹ fò sókè."

"Kí n fò, Màmá?"

"Ẹ fò."

Ó rò pé orí mi ti dàrú. Ṣùgbọ́n ọjà ló fẹ́ tà, ó fò. Mo tẹ àkọ́kọ́, tuntun tó ń dán: nínú àwòrán, ọkùnrin náà ti dúró jẹ́ẹ́, bí ẹni ń retí ọkọ̀. Mo ní kó tún fò, mo tẹ èkejì, èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn bíi ti kámẹ́rà gidi. Ìrísí lásán ni, ó ti balẹ̀ kó tó yà á. Àwọn èèyàn ti ń dúró wòran. Mo wá nawọ́ sí ọ̀kan lórí pẹpẹ òkè, DSLR, tòkunbọ̀, ó wúwo bí ọmọ ọlọ, ọ̀dà ti bó lára ẹ̀. Ó ní, "Màmá, ìyẹn ti gbó o. Mẹ́gápísẹ́lì rẹ̀ kò tó nǹkan." Mo ní, "Ẹ̀rín kan ni mò ń lé kiri, kì í ṣe mẹ́gápísẹ́lì. Ẹ fò."

Ó fò. Mo tẹ ẹ́. Kẹ̀rẹ̀! Lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà rèé lófuurufú, ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, sálúbàtà kan ń fò lọ lọ́tọ̀! Òun fúnra rẹ̀ wò ó, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èyí jáde." Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ bá mi di kámẹ́rà mi."

Mo délé, Ìyá wà lọ́dẹ̀dẹ̀, ìdí ẹ̀gúsí náà ló wà. Ó rí kámẹ́rà, èémí dúró. Mo gbé e sójú, mi ò tẹ nǹkan kan. Mo ní, "Ó ti tán, Ìyá." Ó tú u jáde, fùùù... ẹ̀rín dé. Kẹ̀rẹ̀!

Mo fi hàn án lẹ́yìn kámẹ́rà. Ó mú un sún mọ́ ojú. Ó ní, "Níbo lo ti rí ìyá mi?" Ẹ gbọ́ o. Ìyá rẹ̀ ti kú kí fótò tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó ya àwòrán rẹ̀ rí. Ó ní, "Bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nìyí. Mo ti gbàgbé." Ó sunkún, èmi náà sunkún. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí wọ́n fi mí jẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lọ. Fótò yẹn ló wà lára ògiri lẹ́yìn yín. Òun náà la fi sìnkú rẹ̀, àwọn tó wá kẹ́dùn ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ayé ti yí padà... Lónìí, ẹ na fóònù, ẹ ti mọ irú ẹ̀rín tí ẹ máa rín kó tó yà á. Ẹ̀rín gbogbo yín wá rí bákan náà. Bùsọ́lá, má bi oníṣọ́ọ̀bù pé mélòó ló ní. Bi ara rẹ pé kí lò ń lé. Ṣé òdòdó ni, àbí ẹ̀rín?

Kámẹ́rà tí o yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́, tó wà lórí itan rẹ yẹn? Gbé e sókè. Mo ní gbé e, ká dán an wò. Èmi ò lè fò mọ́, ṣùgbọ́n... Ó yá...

Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí? Èmi? Èmi ni mo di èémí mú? Irọ́ lẹ ń pa! ... Ó ti tán? Ṣé ó ti tán lóòótọ́? Fùùù... Hàà! Ọmọ yìí! O fi ọgbọ́n mi mú mi!

Mú un wá kí n rí i. Sún mọ́ mi...

Ìyá mi nìyí.

Rà á, ọmọ mi. Irú èyí gan-an ni kí o rà.