Fídíò Eyín Tí Mo Yí Padà

Ẹ ti ń fura tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi: fídíò eyín yíyọ tó sọ mí di gbajúmọ̀ olùkọ́ ní Lẹ́kkí, irọ́ ló wà nínú rẹ̀. Àìsàn tó ń ṣe mí yìí ò ní jẹ́ kí n pẹ́, mi ò sì fẹ́ gbé e dé ọ̀run. Sìmbíátù, ìyá ẹlẹ́ja kan láti Eléko, ló jókòó sórí àga lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Dókítà, apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ló ń dùn mí o." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ni mo ń wò. Mo ń wá ẹ̀gbẹ́ tí irùngbọ̀n mi yóò ti hàn dáadáa nínú fídíò. Apá òsì ni mo gún lábẹ́rẹ́, apá òsì náà ni mo yọ, eyín tó le bí òkúta. Nígbà tó bú sẹ́kún, mo ní, "Màmá, méjèèjì ló ti bàjẹ́," mo bá yọ ti apá ọ̀tún náà. Ọ̀dájú ni mí. Yíyọ ti ọ̀tún yìí ò ṣeé yà sí fídíò, omijé ti bo gbogbo ojú rẹ̀; ti òsì nìkan la rí yà.

Mọ́rúfù tó ń ya fídíò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Màá yí i bíi ti inú dígí. Òsì á di ọ̀tún." Ó yí i lóòótọ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi náà bá a di òsì.

Mo ní bí mo ṣe ṣe é nínú fídíò gan-an ni kí ẹ ṣe é. Olúwatómisìn nawọ́: "Sà, ṣé ọwọ́ òsì lẹ fi mú ẹ̀mú yẹn ni?" Mo ní, "Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi?" Gbogbo kíláàsì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń gbá lọ́wọ́ bó bá fi òsì gba nǹkan, òun ló wá ń fi òsì kọ́ṣẹ́ lára eyín oníke, nítorí ọ̀gá wí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó kàn án láti yọ eyín èèyàn gidi, ó fi ọwọ́ òsì náà ki ẹ̀mú bọ ẹnu Akínọ̀ṣọ́, bíríkìlà kan ní Ajah. Irin náà yọ̀, ó ya á lábẹ́ ahọ́n. Títí dòní, ọkùnrin náà ò lè pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ kó já geere.

Ìgbìmọ̀ ilé ìwé jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ náà kúnlẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sọ fún wọn pé bó ṣe wà nínú fídíò ni mo ṣe é." Mo dìde, mo tún táì mi ṣe. Mo ní ọlọ́wọ́ òsì ni mí láti kékeré, òpè nìkan ló ń sín ọ̀gá rẹ̀ jẹ láìronú. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó má padà wá mọ́.

Ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀gá bá fi yẹ̀yẹ́ dá ìbéèrè yín lóhùn, ẹ tún un bi.

Lọ́jọ́ ìgbìmọ̀ yẹn, wọ́n gbé ìwé wá kí n fọwọ́ sí ohun tí mo sọ. Olúwatómisìn ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wò mí. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi kọ orúkọ mi.