Orúkọ Àwọn Àgbà Tí Mo Fò Nínú Ìwé Bàbá Olùkọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ọdún kẹta rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò lè jókòó sójú kan mọ́. Ìyàwó olóògbé tí mo ṣẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lánàá, ó sì tún gbàdúrà fún mi. Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe ní àdúgbò Commerce, ní ìlú Bouaké, ní Côte d'Ivoire níbí. Bàbá kan tó jẹ́ olùkọ́ láàárín àwa Yorùbá ibí, tí a ń pè ní Bàbá Olùkọ́, gbé ìwé atúmọ̀ èdè kan wá fún mi. Ẹnu àwọn àgbà wa ló ti kó ọ̀rọ̀ àtijọ́ inú rẹ̀ jọ, títí dé ìlú Djébonoua. Lẹ́yìn ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó kọ orúkọ ẹni tó fún un. Ó ti ṣèlérí fún wọn pé orúkọ wọn ò ní pa rẹ́.

Mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà: èyí ni ọ̀rọ̀, èyí ni ìtumọ̀, èyí ni orúkọ. Kọ̀ǹpútà ni yóò máa fi kọ́mà sáàárín ìtumọ̀ àti orúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà tí Bàbá fúnra rẹ̀ mọ̀, tí kò ní orúkọ; níbẹ̀, kọ́mà á dá dúró bí èrò tí ọkọ̀ fi sílẹ̀. Mo tún un ṣe níhìn-ín, ó bàjẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ti wọ̀ mí lọ́rùn. Mo bínú, mo kọ ìlà àṣẹ kan fún kọ̀ǹpútà pé kí ó fo gbogbo orúkọ. Ojú ìwé wá mọ́ lóló.

Àìsàn ti dá Bàbá dùbúlẹ̀ nígbà yẹn. Ojú ìwé kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ to orúkọ sí ni mo mú lọ hàn án. Inú rẹ̀ dùn. Ó kú, oṣù kan ò sì tíì pé tí ìwé fi jáde.

Lọ́jọ́ tí a pín in, Ìyá Àjọkẹ́, tó fún Bàbá ní gbogbo ọ̀rọ̀ aró rírẹ, ní kí ọmọ òun wá orúkọ òun. Ó wá a títí, kò rí i. Ìyá ní, “Olùkọ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, ó wá kọ orúkọ tirẹ̀ nìkan síwájú ìwé.” Mo wà níbẹ̀. Mo dákẹ́.

Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni mo dà á, òkú ló bà lé. Àwọn àgbà ò lọ síbi àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀. Méjì nínú wọn ti bá ìbínú yẹn lọ sọ́run. Àwọn tó kù kì í kí ìyàwó Bàbá dáadáa títí dòní.

Lánàá, ìyàwó náà gbé ìwé tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ kọ wá. Ó ní, “Ọmọ mi, èmi ò mọ̀wé. Bá mi wò ó. Ṣé lóòótọ́ ni kò kọ orúkọ wọn?” Ibi tí mo ṣí, orúkọ Ìyá Àjọkẹ́ ló wà níbẹ̀. Mo ní kí ó fún mi láyè di Jímọ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo pa ìlà àṣẹ yẹn rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Gbogbo orúkọ padà, kọ́mà burúkú yẹn náà padà. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀la ni Jímọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ìyàwó rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, àbí kí n lọ dúró níwájú àwọn àgbà, kí n pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tó pe tèmi?