Táyà Mẹ́rin Tí Mo Gbé Lọ fún Àdúrà

Ẹ ti fura, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa ní Kàdúná: kì í ṣe Abdulkadir ló sọ ìyàwó mi di arọ, èmi ni. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé irọ́ náà mì. Ní báyìí tí dókítà ti ń bá àwọn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nípa mi níṣojú mi bí ẹni pé mo ti kú, ó tó gẹ́ẹ́, kí òótọ́ jáde.

Ní 1938, èmi Láńre akọ̀wé nìkan ni mo ní mọ́tò nínú ìjọ wa ní Tudun Wada. Nígbà tí táyà tuntun mẹ́rin dé láti Èkó, kátíkíìsì ni mo kọ́kọ́ gbé wọn lọ bá. Ó ta òróró sí wọn, ó gbàdúrà títí wọ́n fi ń dán ju bàtà mi lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, Abdulkadir, ọmọ Ìlọrin tó ń tún ọkọ̀ ṣe, fi wọ́n sí i. Ó wá yí àwọn táyà àtijọ́ han èmi àti Harriet, ìyàwó mi. Etí inú ti jẹ tán, ó jọ̀lọ̀. Etí òde ṣì ní eyín. Ó ní, "Bàbá Akọ̀wé, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ò kọjú síbì kan náà. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọ̀tunla, kí n fi okùn wọ̀n ọ́n, kí n tò ó kó gún." Mo ní, "Ọ̀la ni ìkórè!" Ó ní, "Ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ." Kí n fẹsẹ̀ rìn! Èmi tí mo ti rán kóòtù funfun! "Kàdírì, wọ́n ti gbàdúrà sí i. Ṣé okùn rẹ ló fẹ́ yẹ iṣẹ́ Ọlọ́run wò?" "Haba! Táyà ni wọ́n gbàdúrà sí, Bàbá. Àdúrà ò tí ì dé orí ẹsẹ̀ ọkọ̀." Harriet bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Tìmí, ẹ jẹ́ kó wọ̀n ọ́n. Ìkórè ò ní sá lọ, ẹwà yín náà ò ní sá lọ." Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí. Mo wa ọkọ̀ mi lọ sílé.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ̀ ń fà sọ́wọ́ òsì bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Harriet ń pariwo, "Ẹ dì í mú o!" Mo dì í mú, àfi ìgbà tí mo rí èrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbọ́ ìwà òpònú: mo fi ọwọ́ kan ṣí fìlà òyìnbó mi, mo ń kí wọn. Ọkọ̀ yà bàrá, ó kọlu igi máńgòrò. Ilẹ̀kùn wọlé bá Harriet. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún.

Ìyẹn kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà. Harriet ò tí ì lè sọ̀rọ̀ ní ọsibítù nígbà tí ẹ bi mí léèrè nípàdé. Mo ní, "Abdulkadir sọ fún mi pé òun ti wọ̀n ọ́n, pé ó gún." Ẹnu mi ló ti jáde, háà, ó ya èmi alára lẹ́nu! Abdulkadir dìde. "Bàbá Akọ̀wé, ẹ wojú mi, kí ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Bàtà rẹ̀ ni mo ń wò. Kò sẹ́ni tó tún gbé ọkọ̀ fún un. Kí oṣù tó parí, ó kó lọ sí Minna. Nígbà tí Harriet padà lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Kàdírì dà? Ó ṣáà kìlọ̀ fún wa." Mo ní, "Ìyá Tìmí, bí o bá sọ ọ́, ilé wa tú." Kò sọ ọ́. Kò sì tún rẹ́rìn-ín nílé mi mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fi táyà tuntun sọ́kọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tó wọ kóòtù. Abdulkadir, mo bẹ̀ ọ́, forí jì mí. Ọkàn akin ni mo fi kọ èyí; ẹ kà á sókè nípàdé.

Abdulkadir kú ní Minna nínú àwẹ̀ èṣí. Mo ti gbọ́ kí n tó mú kálàmù.