Ìdí Tí Ìgúnpá Rẹ Kò Fi Nà

Ọmọ mi, wá ibì kan jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Dókítà ti sọ fún mi pé àìsàn ọkàn yìí kò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, mi ò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọlẹ̀. Ìyá rẹ kọ́ ló ba apá rẹ jẹ́. Èmi ni.

Ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà tí ìkòkò omi gbígbóná dà sí ọ lápá òsì. Nígbà tí egbò náà jinná, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àpá iná pe èmi àti ìyá rẹ sínú yàrá kékeré kan. Ó bu ìpara tí kò ní òórùn sọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ àpá náà yíká yíká títí awọ ibẹ̀ fi funfun. Ó ní, "Bí kò bá tíì funfun, ẹ ò tíì tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ẹ sì na apá náà dáadáa. Ó máa sunkún o. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Àpá iná máa ń súnkì, kò ní dúró dè yín."

Ilé iṣẹ́ ìránṣọ ni ìyá rẹ wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, nítorí náà òwúrọ̀ nìkan ló lè tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ bọ́ sọ́wọ́ mi, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mi ò rí ọmọ bí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́, o kígbe, o gé mi jẹ. Lọ́jọ́ kejì, mo kàn fi ìpara kùn ún lórí, mo rọra ń fọwọ́ pa á. Ọwọ́ tí mo fi pa á lọ́jọ́ náà kò lè pa èèrà. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Màmá Jẹ́jẹ́, ọwọ́ tiyín dáa. Màmá mi, ìkà ni wọ́n." Ó yẹ kí n bá ọ wí. Inú mi dùn ni. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ èmi àti ìwọ nìyẹn o, má sọ fún wọn." Àgbàlagbà bíi tèmi, mo ń bá àbúrò mi du ọmọ.

Láràárọ̀ ni mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ìyá rẹ bá ń tẹ apá rẹ, tí òógùn bò ó, tí omi ń bọ́ lójú òun náà. Bó bá ti ṣe tán, o ó sáré wá dì mọ́ mi. Á wò wá, á gbé báàgì rẹ̀, á gba ibi iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, ìgúnpá rẹ kò nà mọ́. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan àpá náà, ó ti le gbagidi. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ ń tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án títí ó fi ń funfun?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Mo tún fi kún un pé, "Àbúrò mi ló ń tẹ̀ ẹ́ jù. Mo ti kìlọ̀ fún un títí. Ẹ bi ọmọ náà." Wọ́n bi ọ́. O nawọ́ sí ìyá rẹ, o ní, "Àwọn ni wọ́n ń ṣe mí léṣe."

Ìyá rẹ kò bá mi jà. Ó gbà á gbọ́ ni pé ọwọ́ òun ló bà á jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fọwọ́ kan apá rẹ mọ́, ó fi gbogbo ìtọ́jú náà lé mi lọ́wọ́. Èyí tó burú jù nìyí: àtúnṣe ṣì wà nígbà yẹn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́, o ó sunkún, o ò sì ní fẹ́ràn mi mọ́. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo ń fi ìpara kùn ún títí àpá náà fi gan.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, èmi lo mú jókòó síwájú. Ẹ̀yìn, láàárín àwọn àlejò, ni ìyá rẹ wà. Mo sì jókòó síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí, bó tilẹ̀ di ẹ̀yìn ikú mi. O ní o ń bọ̀ wá wò mí ní Sátidé. Má wá. Ilé ìyá rẹ ni kí o gbà lọ, kí o ka ìwé yìí sí i létí, nítorí títí di òní, òun náà kò mọ̀ pé òun kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan.