Ẹnu Baba ni Àìsàn Mi Wà

Nígbà tí èmi náà ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun l'Ásìn, ìlú ọkọ mi… Fúnmi, fi fóònù yẹn sílẹ̀, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní nígbà yẹn, ìyàwó kì í sọ àìsàn ara rẹ̀. Àgbà ulé ọkọ ní í bá a sọ ọ́. Bó o bá lanu níwájú olóògùn, wọ́n á ní o ò lẹ́kọ̀ọ́.

Ìyá rẹ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Àkọ́bí mi. Ọyàn mi ọ̀tún wú, ó le, ó gbóná… bí ọmọ bá ti fẹnu kàn án, omi á bọ́ lójú mi. Ọkọ mi wà lóko kòkó lọ́nà Oǹdó. Ìyá ọkọ mi ti kú. Ta ló wá kù? Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni, tí àwa ìyàwó ń pè ní Baba Olóhùn-Iyọ̀. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu baba yẹn!

Baba mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin eléwé. Ó ní, "Unú ní ń run ìyàwó wa." Obìnrin náà fún mi ní àgbo unú. Mo mu ún. A tún lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta oògùn òyìnbó. Baba ní, "Unú ni." Ìyẹn fún mi ní oògùn tó ń ṣí unú. Háà! Mò ń sáré lọ sẹ́yìn ulé ṣáá, ọyàn ń wú sí i, ọmọ ń gbẹ. Ọyàn òsì nìkan ló ń mu, wàrà ibẹ̀ sì ti ń tán lọ. Nígbà tó yá, ó ń sunkún, ohùn ò jáde mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù bà mí, Fúnmi, mi ò lè jókòó lójú kan. Mò ń fẹ̀jẹ̀ sínú, mò ń tutọ́ funfun jáde.

Ni a bá rìn lọ sí Ìkọ̀lé, lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá. Èrò kún ibẹ̀. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Nígbà tó kàn wá, Baba kí i dáadáa, ó ní, "Unú ní ń run ún."

Obìnrin yẹn ò kọ nǹkan kan. Ó ń wò mí. Ó rí i pé apá òsì nìkan ni mò ń gbé ọmọ sí.

Ó ní, "Baba, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó síta díẹ̀."

Baba ní, "Èmi kẹ̀? Ta ni yóò wá sọ ọ́?"

Ó ní, "Òun náà lẹ́nu, Baba."

Ẹ gbọ́ nǹkan! Baba fi ìbínú jáde. Nọ́ọ̀sì fa àpótí, ó jókòó tì mí. "Ìyàwó, níbo ló ń dùn ọ́?" Ta ló bi mí léèrè rí? Ó ń dúró dè mí… àwọn èrò ń kùn níta, kò ṣe bí ẹni tó gbọ́. Ni mo bá tú aṣọ àyà mi. Mo bú sẹ́kún. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí kò bi mí.

Ó ní eéwo ló wà nínú ọyàn mi, ó là á, ọyún tú jáde. Ó ní kí n da oògùn unú nù. Kò pẹ́, ìyá rẹ ti ń mu ọyàn méjèèjì.

Ṣé o mọ̀ pé Baba mọ̀? Nígbà tí à ń padà bọ̀ wá ulé ló sọ ọ́: "Mo kúkú mọ̀ pé ọyàn ni. Ṣé kí n wá máa dárúkọ ọyàn ìyàwó ọmọ mi níta gbangba ni?" Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n ìtìjú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá rẹ.

Ẹ̀yin wá ńkọ́, tí ẹ ní ojú ti là? Lọ́jọ́sí, o gbé mi lọ sí ọsibítù. Dókítà ò gbójú sókè. "Kí ló ń ṣe màmá?" Ìwọ ní, "Orúnkún ni, sà. Wọ́n ti dàgbà." Ó kọ oògùn. Mo lanu, o ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀." Ó parí! Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu tìrẹ náà.

Fúnmi, kì í ṣe orúnkún. Mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, èmi ò sì tíì rí ẹni sọ tèmi fún. Lọ́la, wá dókítà tó máa gbójú sókè wò mí. Bí kò bá sí n'Íkọ̀lé, ká lọ sí Ọyẹ́, ká lọ sí Ìdó. Bá a bá sì ti rí i, ìwọ jáde, ọmọ mi. Lọ jókòó síbi tí Baba Olóhùn-Iyọ̀ jókòó sí.