Aṣọ Funfun Ìsàlẹ̀ Àpótí

Ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jáde wàyí, yàrá tí wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀ náà ló sì ti máa jáde. Muhsinah ló ní kí wọ́n jókòó síbẹ̀, nínú yàrá Màámi ní Erunmu, kì í ṣe ní pálọ̀ tí àga wà. Ishaq àbúrò rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí mọ́ láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Àfáà Mikail ló gba àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Àsmá'ù, ìyàwó Ishaq, dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé tán, kò sì wà níta; láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò fojú kan inú yàrá náà nìyẹn. Muhsinah kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Obìnrin tó ti ń gbé ọmọ-ọmọ jó kúnlẹ̀ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó ní oṣù tó ń bọ̀ lòun ń lọ sí Mẹ́kà, òun ò sì lè ru ohun tó wà nínú òun yìí débẹ̀. "Ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu," ó ní. "Tí mo bá sinmi láàárín, mi ò ní lè parí ẹ̀ mọ́."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀rí ọkàn ló dédé jí i. Ẹ̀rí ọkàn Muhsinah kì í tètè jí. Mahfuz ọmọ rẹ̀ ló san owó Háji fún un, Àfáà Mikail ló sì ń kọ́ àwọn tó ń lọ lẹ́kọ̀ọ́ ní mọ́sálásí Olódò, níbi tí Muhsinah ń gbé. Àfáà sọ fún wọn pé kí oníkálukú lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ kó tó gbéra. Muhsinah ṣe é bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é. Ó ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń sọ pé ẹ forí jì mí o, mò ń lọ sí Mẹ́kà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti forí jì í, kó bá àwọn ṣàdúà. Irú àforíjì bẹ́ẹ̀ rọrùn, nítorí kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ṣe. Àfi ìgbà tí Ìyá Múyì, arúgbó àdúgbò wọn, gbé aṣọ funfun kan wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ike àti apẹ̀rẹ̀ rọ́bà. Aṣọ tí wọ́n máa fi sin ìyá náà fúnra rẹ̀ ni. Ó fẹ́ kí Muhsinah bá òun rì í bọ omi Sámúsámù, omi mímọ́ Mẹ́kà, kó sì gbé e padà wá. "Mo ti fi òwú pupa sàmì sí etí ẹ̀," ni ìyá náà wí, "kó má baà pàrọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì níbi tí ẹ bá sá a sí." Muhsinah gba aṣọ náà, ó rí òwú pupa náà, ó sì jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ike. Àwọn oníbàárà rò pé oòrùn ló mú un. Òwú mìíràn, aláwọ̀ ewé, lojú ọkàn rẹ̀ ń wò.

Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Mahfuz ra fóònù ńlá fún un, fídíò àwọn obìnrin tó ń to yàrá ló kó sí i lórí. Wọ́n á ká aṣọ títí aṣọ á fi dúró fúnra rẹ̀, wọ́n á ní ohun tí o kò bá ti lò láti èṣí, gbé e jù nù. Muhsinah to yàrá tirẹ̀ débi tí àwọn aládùúgbò ń wá wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fojú burúkú wo yàrá ẹlòmíràn. Ti Màámi ló burú jù lójú rẹ̀. Fúláásìkì omi gbígbóná tó ti fọ́ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìdérí ìkòkò tí ìkòkò rẹ̀ ti dàwátì wà níbẹ̀, báàgì aṣọ wà lórí báàgì aṣọ, àpótí páànù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí káńfọ̀ ń rùn nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ní òun fẹ́ bá wọn tún un ṣe, Màámi á ní kó fi í sílẹ̀, òun mọ ibi tí ohun gbogbo wà.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Màámi nílé ìwòsàn kan ní ìgboro, Àsmá'ù ló sì ń dúró tì wọ́n. Muhsinah lọ kí wọn, ó pe Àsmá'ù sẹ́yìn ilé, ó ní kó fún òun ní kọ́kọ́rọ́ àpótí, òun fẹ́ mú ìró kan wá fún Màámi. Kì í ṣe ìró ló fẹ́ mú. Àsmá'ù tú kọ́kọ́rọ́ náà kúrò ní etí ìró rẹ̀, ó gbé e fún un, ó wá rọra sọ pé, "Ìyá Mahfuz, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú ìsàlẹ̀ rẹ̀." Kò sọ ìdí rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ láti sọ. Inú bí Muhsinah. Ta ló bí ta? Bó ṣe dé Erunmu, ìsàlẹ̀ àpótí gan-an ló kọ́kọ́ tú.

Ibẹ̀ ló ti rí aṣọ funfun náà nínú ọ̀rá, ó gùn, kò ní àrà kankan lára, ẹnikẹ́ni kò sì rán an sí nǹkan. Ó rò pé aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gbàgbé ni. Ó ti ju fúláásìkì nù, ó ti pín ìró fún àwọn ará ilé, ó ti nu kọ́bọ́ọ̀dù tí Màámi ń kó aṣọ sí, ó wá kù kó rí nǹkan tẹ́ sórí pákó rẹ̀ tó ń ha aṣọ. Ó mú sísọ́ọ̀sì. Ó gé aṣọ náà sí ìwọ̀n pákó kọ̀ọ̀kan, ó fi ìṣó kéékèèké kàn án mọ́lẹ̀. Ó rí òwú aláwọ̀ ewé tí wọ́n fọwọ́ rán sí etí rẹ̀, kò kà á sí. Ó ya fọ́tò. Nígbà tí Màámi dé, tí àwọn ará ilé ń rọ́ wọlé wá wòran, ìyá náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bándéèjì lójú, wọ́n ń ṣàdúà fún ọmọ wọn. Títí dé ibẹ̀, àṣìṣe ni, Muhsinah ní bí òun bá dúró níbẹ̀ ni, kò ní sí ìdí tí òun á fi máa kúnlẹ̀ lónìí.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Màámi ṣí àpótí, tí wọ́n ń fọwọ́ wá ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí wọn ò rí nǹkan. Wọ́n ní aṣọ ìsìnkú àwọn dà. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni àwọn rì í bọ omi Sámúsámù lọ́dún tí àwọn lọ sí Mẹ́kà, Àsmá'ù mọ̀ ọ́n, òun nìkan ni àwọn fi hàn. Muhsinah ń bẹ nínú yàrá náà, kọ́bọ́ọ̀dù tí aṣọ bo pákó rẹ̀ sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà á. Lẹ́yìn náà ni nǹkan mìíràn wọ inú rẹ̀, ó ní òun á pe orúkọ rẹ̀ báyìí: ìlara ni. Òun ni àkọ́bí, òun ni obìnrin kan ṣoṣo tí Màámi bí, ọ̀rọ̀ ìsìnkú Màámi, ìyàwó ilé ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ó ní òun ṣí àpótí lóòótọ́, àmọ́ òun ò bá aṣọ funfun kankan níbẹ̀. Irọ́ yẹn nìkan ì bá tó. Ó tún fi kún un. "Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ bi," ó ní. "Ṣebí nínú ààwẹ̀ yìí náà ni wọ́n sin ìyá tiẹ̀ ní Akínyẹlé?"

Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ gbà á gbọ́, torí pé ó jọ òótọ́. Ìyá Àsmá'ù kú lóòótọ́, wọn ò sì lówó lọ́wọ́. Àsmá'ù gbé Kùránì lé àyà, ó búra, àwọn obìnrin ilé ní ẹni tó lè fi aṣọ ìyá ọkọ rẹ̀ sin ìyá ara rẹ̀, kí ni kò lè búra sí. Màámi kàn ń wo Àsmá'ù, tí omi ń dà lójú wọn tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ishaq ní kí Àsmá'ù lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ná. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí Ishaq dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wò ó pẹ́, ó tún jókòó. Àfáà rò pé ìjẹ́wọ́ ti parí, ó fẹ́ máa ṣàdúà. Muhsinah mi orí. Ó ní ohun tí òun pè wọ́n sí gan-an, òun ò tíì dé ibẹ̀.

Ojú Màámi san, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú aṣọ fúnra wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ kan tí Muhsinah wá wò wọ́n, wọ́n bi í pé níbo ló ti rí aṣọ tó tẹ́ sórí pákó. Ó ní òun rà á ní Olódò ni. Wọ́n ní, "Muhsinah, ṣé kò sí nǹkan tí o fẹ́ bá mi sọ?" Ó ní kò sí. Wọ́n wò ó títí, bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó jí ẹran inú ọbẹ̀ tí òróró ṣì wà ní ẹnu rẹ̀. Wọ́n wá ní kó bá àwọn pe Àsmá'ù. Ishaq ti gbé ọkọ̀ lọ sí Ṣakí, kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè rán láìjẹ́ pé àṣírí ọmọ wọn tú. Muhsinah jáde, ó gun ọ̀kadà dé oríta, ó jókòó sábẹ́ ìsọ̀ kan, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan mu, ó fara balẹ̀ mu ún tán. Lẹ́yìn náà ló padà, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé Àsmá'ù ní òun ò wá. Màámi ní, "Ó jàre." Wọ́n kọjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu Màámi nìyẹn tó já gaara, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni apá àti ẹsẹ̀ wọn rọ, tí ahọ́n wọn sì di.

Nígbà tí àwọn èèyàn pé lé aláìsàn lórí, ọmọ rẹ̀ ń yọ ìṣó nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn wọn. Ẹnikẹ́ni ì bá rán àwọn aṣọ náà pọ̀, wọn ì bá tún wúlò fún ohun tí wọ́n wà fún. Muhsinah kó wọn lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó jó wọn pẹ̀lú èèpo àgbàdo. Ó ṣàkíyèsí pé pákó ìsàlẹ̀ ti wà ní ìhòòhò, ó rò pé aṣọ rẹ̀ ti já bọ́ sí ibì kan. Ọjọ́ tí Màámi kú ló rí i. Àwọn obìnrin ń wẹ òkú lọ́wọ́, Ishaq ti sáré ra aṣọ funfun wá láti Olódò, Àsmá'ù ti dé láti Akínyẹlé, wọ́n sì ti dá a dúró síta, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan òkú náà. Muhsinah ń palẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mọ́. Nínú àpò ìrọ̀rí, ó bá aṣọ pákó ìsàlẹ̀, tí wọ́n ká dáadáa, òwú aláwọ̀ ewé wà ní etí rẹ̀. Màámi ti yọ ọ́ kí ahọ́n wọn tó di. Wọ́n ti fi í pa mọ́ síbi tí orí wọn wà, pé bí kò tilẹ̀ ju ìwọ̀n yẹn lọ, kí ó bá àwọn lọ. Ó kù díẹ̀ kí Muhsinah nà án sí àwọn tó ń wẹ òkú. Ó ronú pé wọ́n á bi í pé níbo ló ti wá. Ó ki aṣọ náà bọ inú bùbá rẹ̀. Wọ́n sì gbé ìyá rẹ̀ lọ sin láìsí i.

Muhsinah tú etí ìró rẹ̀, ó yọ aṣọ náà, ó gbé e ka àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó nà án sí ẹnu ọ̀nà. Kò sunkún. Ó ní òun ti sunkún irọ́ tó pọ̀ jù nínú yàrá náà. Ó ní kí Àsmá'ù forí jì òun, bí kò bá sì lè forí jì òun, òun á dá owó Mahfuz padà, òun ò ní lọ. Ó ní kí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó ń dàgbà bọ̀, pé bí wọ́n bá fẹ́ bá àgbàlagbà palẹ̀ ẹrù mọ́, kí wọ́n bi í léèrè ohun kọ̀ọ̀kan kí ọwọ́ wọn tó kàn án, bí wọ́n bá sì ti bà á jẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Àsmá'ù kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀ tí wọ́n bà jẹ́.

"Màámi pè mí?"

"Wọ́n pè ọ́. Wọ́n ní, 'Bá mi pe Àsmá'ù, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni.'"

Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ohun tí Àsmá'ù mọ̀ ni pé Màámi kú pẹ̀lú ìkórìíra òun nínú. Ó wọlé, ó gba aṣọ náà, ó fọwọ́ pa òwú aláwọ̀ ewé náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé jáde lọ síbi sàréè Màámi lẹ́yìn ilé. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, bí ìyàwó ilé ṣe máa ń dá ìyá ọkọ rẹ̀ lóhùn láti ilé ìdáná.

"Màámi, èmi Àsmá'ù ni. Wọn ò jíṣẹ́ yín fún mi. Mo ti dé."

Ishaq fọwọ́ bojú. Àfáà Mikail ń wo ilẹ̀. Muhsinah wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ń retí kí ẹsẹ̀ Àsmá'ù padà wọlé, kò sì sẹ́ni tó ní kí ó dìde.