Mo Pa Á Kí Ọjọ́ Ìrìbọmi Tó Pé

Okùn tí wọn yóò fi so mí kọ́ ti wà nílẹ̀. Wọ́dà tó ń gbé oúnjẹ wá fún mi ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. N kò bá a jà. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tí mo ṣe, ẹ̀yin náà yóò bú mi. Ẹ bú mi dáadáa.

Ọmọ Ọ̀kà ni mí. Bọ́dúndé ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ gba Jésù gbọ́. Ní Ìkàrẹ́, níbi tó ti ń ta obì, ló ti gbọ́ ìwàásù. Nígbà tó dé, ó fà mí wọ kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi. Lọ́jọ́ kan, tíṣà wa ní ẹni tó bá di àtúnbí, Ọlọ́run kì í rántí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ mọ́.

"Gbogbo ẹ̀, tíṣà?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá, bó bá ronú pìwà dà tọkàntọkàn."

Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo gbọ́. Èyí tó kù, etí mi kò gbà á.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo jí iṣu opó kan tó múlé tì wá. Ìrìbọmi ṣáà ń bọ̀, kí ló kàn mí? Nígbà tí obìnrin náà figbe ta, mo bá a ṣépè fún olè. Mo sì sùn dáadáa.

Kò pẹ́ ni Bọ́dúndé ní òun fẹ́ fi oko bàbá wa tó wà lẹ́sẹ̀ òkè fún ìjọ, kí wọ́n kọ́ ilé Ọlọ́run síbẹ̀. Òun ni àgbà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa ṣẹ.

"Kí lèmi ó wá máa jẹ, ẹ̀gbọ́n?"

"Àbúrò mi, ilẹ̀ pọ̀. A ó jọ ro òmíràn."

Inú bí mi gan-an. Mo wá rò ó pé bí mo bá máa pa á, kí n yáa tètè pa á kí n tó ṣèrìbọmi, kó lè bá ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ lọ.

Nígbà tí ìrìbọmi ku ọ̀la, ó fẹ́ gun ọ̀pẹ lọ gé imọ̀ tí a ó fi ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́. Mo ti fi ọ̀bẹ gé igbà tó fi ń gùn ún, mo ṣẹ́ díẹ̀ kù, kó lè gbé e dókè kó tó já. Orin ló ń kọ bí mo ti ń tẹ̀lé e lọ. Ó ti gé imọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ kí igbà náà tó já. Ó já bọ́ sórí àpáta, kò sì kú.

"Àbúrò mi, omi."

Agbè omi wà lọ́wọ́ mi. Mo mu ún lójú rẹ̀. Mo jókòó tì í títí ó fi dákẹ́, mo kó imọ̀ náà, mo sunkún wọ̀lú pé igbà ló já.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la sin ín. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ṣèrìbọmi fún mi, tíṣà sì fún mi ní orúkọ ìrìbọmi tí ẹ̀gbọ́n mi ti yàn fún ara rẹ̀, kí n lè máa fi rántí rẹ̀. Ojú kò tì mí.

Nígbà tó yá, a ṣe ìpàdé ẹ̀rí. Ẹnìkan ní Jésù gba òun lọ́wọ́ ọtí, ẹlòmíràn ní lọ́wọ́ ìjà. Mo rò pé tèmi ni yóò ga jù. Mo dìde.

"Èmi ni mo pa Bọ́dúndé. Jésù ti wẹ̀ mí mọ́. Ẹ yin Olúwa!"

Ẹnì kankan kò yìn ín. Opó tí mo jí iṣu rẹ̀ ló kọ́kọ́ pariwo: "Yéè! Ẹranko!" Wọ́n dè mí lọ bá ajẹ́lẹ̀ ní Ìkàrẹ́.

Adájọ́ òyìnbó bi mí bóyá mo jẹ̀bi. Mo ní, "Olúwa mi, ẹni tó pa á ti kú. Èmi ti di àtúnbí." Ògbufọ̀ kò tilẹ̀ fẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Àlùfáà kan ń wá wò mí níbí. Mo ní kó tún ṣèrìbọmi fún mi. Ó ní kì í ṣe omi ni ìṣòro mi, pé n kò tíì káàánú Bọ́dúndé rí. Òótọ́ ni. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sunkún rẹ̀ lóòótọ́, tí mo bẹ Ọlọ́run láìfi ọgbọ́n kankan sí i.

"Ṣé yóò gbà mí?"

"Yóò gbà ọ́."

"Bọ́dúndé ńkọ́? Ṣé ibẹ̀ ló wà?"

"Ibẹ̀ ló wà."

Háà! Ẹ̀rù okùn kò bà mí tó ẹ̀rù ojú tí n ó fi wò ó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ ó kọ́kọ́ ṣe tinú yín tán kí ẹ tó wá Ọlọ́run, mo bẹ̀ yín, ẹ wá a lónìí. Yóò dárí jì yín bí ẹ bá pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá ti pa, ẹ ti pa á.